Ọjọ́ Tí Sakinatou Bínú Lọ Sínú Igbó

Ní Bantè, bí ọkọ̀ ńlá bá kó òwú kọjá nínú òjò, tí báàṣì tí wọ́n fi bo ẹrù rẹ̀ kò sì jo, ọwọ́ Sakinatou ló kàn án. Òun nìkan ni obìnrin tó ń rán aṣọ líle yẹn ní gbogbo ìlú. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn tó ìka, ẹ̀rín rẹ̀ sì gùn ju abẹ́rẹ́ lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí owó séfà já wálẹ̀, òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn ti Savalou bọ̀, wọ́n yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó bá wọn lẹ àgọ́ wọn tó ya. Sakinatou fi Faransé díẹ̀ tó gbọ́ bi obìnrin náà pé kí ni wọ́n ń fi ṣe.

"A fi ń sùn nínú igbó."

"Ẹ ò nílé ni?"

"A nílé. Ìgbádùn ni, àwa àtàwọn ọmọ wa nìkan. Nílẹ̀ wa, igbó igi kan wà tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. A máa ń rìn nínú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́."

"Ẹ ń rìn lọ síbo?"

"Kò síbì kan."

Sakinatou rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ẹni tó nílé, tó ní bẹ́ẹ̀dì, gbéra lọ fún ẹ̀fọn jẹ! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀rọ̀ kan kò bá wọn lọ: àwa àtàwọn ọmọ wa nìkan.

Agbo ilé Soulé ọkọ rẹ̀ kún dẹ́nu. Láti ọjọ́ tí Sakinatou ti wọlé níbẹ̀, òun àti ọkọ àtàwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì dá jẹun rí. Bó bá bu ata sọ́bẹ̀, Ìyá Alimatou, ìyá ọkọ rẹ̀, á ní ó pọ̀ jù. Bí Soulé bá ń pa á lẹ́rìn-ín, Alájì Moucharafou, àbúrò bàbá rẹ̀, á ti òdìkejì ògiri bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni burúkú nínú wọn, wọ́n kàn pọ̀ ni. Ọjọ́ kan péré tí yóò jẹ́ tirẹ̀ ni Sakinatou ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ó ní kí àwọn náà lọ sùn nínú igbó bíi ti òyìnbó, Soulé, tó ń tún alùpùpù ṣe, kò sì mọ bí a ti í sọ pé rárá fún obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ibì kan lọ́nà Akpassi, níbi tí igi tíìkì tí ìjọba gbìn ti parí, tí igbó àtayébáyé ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kan ló kù fún Soulé: kó sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ṣé kó ní òun ń lọ sùn nínú igbó lásán ni? Ó sáré gbé báàṣì àti Faïssal àti Moubarakath, àwọn ọmọ wọn, sórí alùpùpù, ó ṣáná sí i, ó lọ. Sakinatou ní òun á fẹsẹ̀ rìn bá wọn. Ṣebí ìrìn náà gan-an ni ìgbádùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá jáde nílé ọkọ lójú ọ̀sán, ìkòkò lórí, ẹní lábẹ́ apá.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Obìnrin wo ló ń gbé ìkòkò àti ẹní jáde báyẹn bí kò ṣe ẹni tó ń kọ ọkọ? Kò tíì dé ẹ̀yìn ìlú tí igbe fi sọ: "Sakinatou ti ń lọ o!"

Alájì Moucharafou kò rántí wọ bàtà. Ìyá Alimatou tẹ̀lé e, àwọn ìyàwó ilé tẹ̀lé ìyá, ẹni tó ń lọ ata gbé ọmọ ọlọ dání.

"Ìyàwó wa, dákun! Ahọ́n àti ẹnu pàápàá a máa jà!"

"Alájì, a ò jà. Mò ń lọ rìn ni."

"Rìn lọ síbo?"

"Kò síbì kan."

Gbogbo wọn figbe ta. Ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú! Sakinatou bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Bó ti ń yára ni wọ́n ń yára, lábẹ́ igi tíìkì tó tò lọ bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ, títí wọ́n fi já sáàárín igi ẹmi àti ìrókò. Soulé ti fi báàṣì pàgọ́ síbẹ̀, àwọn ọmọ ń yí gbirigbiri nínú ewé gbígbẹ.

Alájì lanu. "Áà! Ó ti kó àwọn ọmọ sáré ṣíwájú, ó wá dènà dè é! Soulé, o káre. Dọ̀bálẹ̀ kíá!"

Soulé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì la ẹnu láti ṣàlàyé. Sakinatou rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bó bá ṣàlàyé, wọ́n á fi yẹ̀yẹ́ kó gbogbo wọn padà sílé, ọjọ́ rẹ̀ á sì lọ. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó fi ìborí bojú.

"Mo ti bínú," ló wí. "Mi ò gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe tọkọ mi, kó dá bẹ̀ mí níbí, kó bẹ̀ mí di ọ̀la!"

Èjìká Soulé ń gbọ̀n nínú ewé. Alájì rò pé ẹkún ni, omi bọ́ lójú tirẹ̀ náà. "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. Ìyá Alimatou wo èèkàn àgọ́ tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ dáadáa, ó wo iṣu tí wọ́n ti bẹ sílẹ̀, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Ẹ jẹ́ á máa lọ," ló wí. "Ẹ̀bẹ̀ yìí á pẹ́."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Sakinatou àti Soulé àtàwọn ọmọ wọn jẹ iṣu pẹ̀lú ata tó pọ̀ jù. Soulé pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rìn kiri nínú igbó láìlọ síbì kan, inú Sakinatou sì dùn débi pé ó dúró lábẹ́ ìrókò kan, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Lọ́dún kejì, ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Sakinatou wà nídìí báàṣì nígbà tí Ìyá Alimatou wá jókòó tì í.

"Ìyàwó wa, o ò tíì bínú lọ́dún yìí."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Sakinatou.

"Èmi," ni ìyá wí, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, "láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, n ò ríbi bínú lọ rí."

Sakinatou wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ wá, kò wá.

"Ẹ lọ ká ẹní yín, Ìyá," ló wí. "Ọ̀la la máa bínú."