Ọwọ́ Tó Kù Lórí Èjìká

Èmi ni mò ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú fún gbogbo ìjọ wa. Kò sẹ́ni tó fi mí jẹ oyè rẹ̀. Ọ́fíìsì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock, nílùú òyìnbó níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ kọ̀ǹpútà lò, ìyẹn sì ti tó. Bí bàbá ẹnìkan bá kú nílé ní Nàìjíríà, wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, èmi á sì tò ó: òkú ní iwájú ìwé, orin àti àdúrà láàárín, àwọn tó gbẹ̀yìn òkú ní ojú ewé tó kẹ́yìn. Ojú ewé tó kẹ́yìn yẹn ni ìjà máa ń wà. Ìyàwó wo ló máa ṣáájú? Ọmọ wo ni wọn ò ní kà mọ́ ọmọ? Mo ti dá ẹjọ́ lórí ojú ewé yẹn ju adájọ́ lọ. Mo sì máa ń fi yangàn pé ohun tí mo bá tẹ̀ síbẹ̀ ni ìdílé á gbà gbọ́ títí.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé ọmọ mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́tàlá. Lẹ́tà kan dé láti ilé ìwé rẹ̀ pé nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, kíláàsì wọn máa kọ́ nípa àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin láyé àtijọ́: bí wọ́n ṣe gbé, bí òfin ṣe fìyà jẹ wọ́n, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe fi ara pamọ́ títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní kí àwọn òbí wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé lọ́jọ́bọ̀, kí kálukú sọ tinú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìpàdé náà, ìsìn ti parí, mo sì ń wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, nítorí àwa kì í wọ bàtà wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìjọ wa di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ lo máa bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o," ni wọ́n wí. "English ẹ clear, wọ́n á listen sí ẹ. Sọ fún wọn pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú history tiwa. Àbí o rí irú ẹ̀ rí?"

"Rárá, mà," ni mo dáhùn.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, aṣọ funfun lọ́rùn mi, mo sì purọ́ láì tilẹ̀ ronú.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, gbọ̀ngàn náà kún. Ìyá kan tó kó wá láti Peckham ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí, ilé ni òun ti fẹ́ bá ọmọ òun sọ ọ́, nígbà tó bá yá. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ ẹrù dìde nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n lu ọmọkùnrin òun nínú bọ́ọ̀sì nítorí bó ṣe ń rìn, àwọn tó lù ú ò sì mọ̀ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti wà láyé kí wọ́n tó bí wọn. Ó ní bóyá bí wọ́n bá ti kọ́ ọ nílé ìwé, ọwọ́ wọn ì bá rọ̀. Àánú bàbá yẹn ṣe mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ti wà nínú bébà, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta níwájú dígí.

Mo dìde. Mo ní ẹ̀kọ́ ìtàn yẹ kó jẹ́ ìtàn àwọn ọmọ tó jókòó sí kíláàsì náà. Mo ní àwa ọmọ Yorùbá ní ìtàn tiwa, kò sì sí nǹkan yìí nínú rẹ̀. Mo ní nínú ìdílé tèmi, láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá mi títí dé orí mi, kò sí ẹyọ kan.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an, mi ò ní fi pamọ́.

Tíṣà ìtàn náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gbá fáìlì mọ́ àyà, dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá rọra béèrè pé, ṣé kò sí ni, àbí ó wà tí wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀?

"Mo mọ ìdílé mi," ni mo fi dá a lóhùn. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọmọ ilé ìwé díẹ̀ ló ń bá wọn to àga lẹ́yìn, ọmọ mi sì wà lára wọn. Òun ò pàtẹ́wọ́. Ó kàn ń wò mí.

A rìn dé ilé wa ní Beam Park. Mo gbé ìrẹsì kaná. Mo gbọ́ tó ń tú dúrọ́ọ̀ tí mò ń kó àwọn ìwé ìsìnkú sí, mo sì pariwo pé kó má da nǹkan rú fún mi. Ó wá bá mi ní kíṣìnì pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fi ìka tẹ fọ́tò tó wà níwájú rẹ̀.

"Mum, I always wanted to ask," ni ó wí. "Ọwọ́ ta nìyí?"

Fọ́tò àbúrò bàbá mi ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Kékeré. Aṣọ òfì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní èjìká wọn lápá òsì, ọwọ́ kan wà níbẹ̀, ọwọ́ lásán, kò sí ènìyàn nídìí rẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá mi kú, tí Dádì Kékeré wá mú mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Rédíò ni wọ́n ń tún ṣe. Wọn ò ní ìyàwó. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn ló jọ ń gbélé, ọkùnrin Èkìtì kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Tíṣà ni mò ń pè wọ́n. Àwọn méjèèjì a máa jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ bíi tọkọtaya tó ti pẹ́. Yàrá méjì ló wà nínú ilé náà, èmi sì ni mò ń sùn nínú ọ̀kan. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Èmi ò ṣírò ẹ̀, ọmọdé ni mí. Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ̀ láti ṣírò ẹ̀.

Bọ̀dá Tíṣà ló kọ́ mi ní ìwé. Ọwọ́ mi wúwo, pẹ́ńsùlù a máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n á jókòó tì mí lórí àpótí, wọ́n á fi ọwọ́ wọn bo tèmi, a ó sì jọ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ mi fi mọ ọ̀nà. Gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ láyé mi, títí kan bébà tí mo kà ní gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ló ti wá.

Nígbà tí Dádì Kékeré kú, Bọ̀dá Tíṣà ló kọ́kọ́ pè mí ní Dagenham níbí, kí ẹbí tó pè. Wọn ò sunkún.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni wàá ṣe ìwé náà," ni wọ́n wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Fi orúkọ mi sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Kọ 'ọ̀rẹ́' sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ti tó mi."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà," ni mo wí. "Màá fi sí i."

Lọ́jọ́ kejì ni olórí ẹbí wa pè. "Má fi ọkùnrin Èkìtì yẹn síbẹ̀ o. Kò gbọ́dọ̀ sí orúkọ, kò gbọ́dọ̀ sí fọ́tò. Ṣé o fẹ́ kí ayé máa bi wá ní question ni?"

Mi ò jiyàn. Ẹ̀rù bà mí ni, kò sí orúkọ míì tí mo lè pè é. Mo wá fọ́tò tí kò sí Bọ̀dá Tíṣà nínú rẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan. Gbogbo fọ́tò tó dára tí Dádì Kékeré yà láyé wọn, àwọn méjèèjì ló jọ yà á. Ní ìkẹyìn mo mú èyí tó dára jù, mo sì gé Bọ̀dá Tíṣà kúrò. Ọwọ́ wọn ló dà mí láàmú. Bí mo bá gé ọwọ́ náà, mo máa gé èjìká òkú. Mo fi àwọ̀ aṣọ bò ó, ó wá dà bí egbò. Mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní àwọn ènìyàn á rò pé ọwọ́ ọmọ ni. Wọ́n sì rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹbí ti ilẹ̀kùn ilé náà pa lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ̀dá Tíṣà kó ẹrù wọn lọ sí Èkìtì. Wọn ò pè mí mọ́. Èmi náà ò pè.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi bí mo ṣe dúró nídìí ìrẹsì. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ́ ìyá rẹ̀ lójú, òṣì ni yóò ta ọmọ náà pa. Ní ọjọ́ yẹn, èmi ni mi ò lè gbé ojú mi sókè.

"Is he still alive?" ni ó bi mí.

"Mi ò mọ̀."

"Mummy. You never checked?"

Ìrẹsì ti ń jóná. Mo pa iná.

Ní ọ̀sán Sátidé, mo rí nọ́ńbà Bọ̀dá Tíṣà gbà lọ́wọ́ ìbátan kan. Ọmọ mi jókòó tì mí, ó ní kí n gbé fóònù sórí tábìlì kí òun náà lè máa gbọ́. Bọ̀dá Tíṣà gbé e. Mo dá orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí ní kékeré, wọ́n sì ké "Ah!" lẹ́ẹ̀kan. Ohùn wọn ti di ti arúgbó. Wọ́n béèrè ọkọ mi, wọ́n béèrè òtútù. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mo ti ní "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀rọ̀ ìwé yẹn," wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

"Mo rí i. Inú Bíbélì mi ló wà. Mo mọ̀ pé wọ́n ní kí o yọ mí kúrò. Mo mọ ẹbí yín. Ṣùgbọ́n ìwọ, o fi ọwọ́ mi sílẹ̀ fún mi. O gbọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àárọ̀ tí mi ò fi ọwọ́ yẹn gbàdúrà fún ẹ."

Ọmọ mi gbójú sókè wò mí. Òun náà mọ ìdí tí ọwọ́ yẹn fi wà níbẹ̀.

Mo la ẹnu láti sọ òótọ́. "Ẹ ṣé, sà," ni mo wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi, ìre ọmọ, ìre ilé, ìre ẹ̀mí gígùn, mo sì ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ bí olè tí wọ́n ń fún lẹ́bùn.

Ọmọ mi fa fóònù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, Grandpa. Please, what's your full name? I want to write it down. It's for school."

Wọ́n wá dá orúkọ wọn, wọ́n sì ń pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró dè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń dúró dè mí lórí àpótí. "Má gbàgbé àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀," ni wọ́n wí. Ó fi í sí i.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Ìjọ ní kí n kọ lẹ́tà tí gbogbo ìjọ máa fọwọ́ sí fún ilé ìwé. Mo ní kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́. Mi ò ní ìgboyà láti sọ òótọ́, irọ́ náà ni mo tún fi yọ ara mi. Ẹ má sì rò pé mo ti mọ ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá gbọ́. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dúró níwájú àwọn ènìyàn, mo ní kò sí, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi gé e kúrò.

Ẹ ó ti rí i pé mi ò dá orúkọ Bọ̀dá Tíṣà nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Mi ò ní kọ ọ́ báyìí, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́, mi ò kọ ọ́. Inú ìwé ọmọ mi ló wà.