Ìgbéga Tí Johnson Kọ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Johnson, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, gba ìgbéga mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Tremont, lókè òkun. Kò fẹ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ọjọ́ ìkórè ni. Alàgbà Kànmí ló ń pe àwọn èèyàn pàtàkì síwájú. Ó ní kí Méjọ̀ Johnson, òyìnbó Ọsirélíà, ọkọ Ìyá Àrìnkẹ́, máa bọ̀. Baba ò mira. Ọmọ Yorùbá ni Kànmí. Ó mọ̀ pé bí àgbà bá kọ̀ tí kò dìde, oyè tí wọ́n fi pè é ló kéré. Ó tọrọ gáfárà, ó sọ ọ́ di Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Baba ń wo àjà. Kànmí fa èémí, ó pe Jẹ́nẹ́rà, ẹni tó ń tẹ dùùrù sì bẹ̀rẹ̀ orin. Ìgbà náà ni baba dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn pátápátá, ó sì jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

“Sójà lásán ni mí,” ó wí. “Nínú ihò tí mo gbẹ́ lójú ogun, mi ò rí Jẹ́nẹ́rà kankan.”

Ojú ti Doyin dé gìgísẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Àrìnkẹ́, ìyá rẹ̀, gbé e wọlé baba, baba sì tọ́ ọ títí ó fi gba oyè yunifásítì. Yorùbá tí Àrìnkẹ́ kọ́ baba ò ní “ìwọ” nínú. Gbogbo ayé ni “ẹ”, títí kan ológbò. Nígbà tí Àrìnkẹ́ bá a wí, ó ní ológbò náà ti pẹ́ nínú ilé ju òun lọ.

Bí àlejò bá dé, ẹsẹ̀ ni baba máa ń wò, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lójú ogun. Rasheed wá tọrọ Doyin pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó rà lọ́jà Fordham. Baba ní kó bọ́ ọ, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. Rasheed rò pé àṣà Ọsirélíà ni, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó bọ́ ọ. Baba yẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da páúdà sí i, ó sì yíjú sí Doyin. “Ẹ lè fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ra bàtà gidi fún un.”

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi í pé ẹni mélòó ló pa nínú ogun Vietnam, ìtàn èèrà ló ń sọ: bí èèrà ṣe lé gbogbo wọn kúrò níbi tí wọ́n lúgọ sí. Lọ́dọọdún ni èèrà náà ń tóbi sí i. Nígbà tí baba fi máa kú, wọ́n ti tó ẹyẹlé.

Lẹ́yìn ìkórè yẹn, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn relé lọ sí St. George, Doyin bi í tìbínú-tìbínú pé kí ló dé tó fi dójú ti ìyá òun.

“Ẹ̀gbẹ́ mi ni Danny, tá a jọ wà nínú ihò, kú sí,” ó wí. “Sójà lásán. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe kọ́pọ́rà, olórí àwọn sójà díẹ̀, mo kọ̀. Danny ò lè gba ìgbéga mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá rẹ̀, Doyin.”

Doyin ṣèlérí.

Baba kú lọ́dún tó kọjá. Ìwé ètò ìsìnkú dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́: Méjọ̀ Johnson. Iṣẹ́ ọwọ́ Kànmí ni. Doyin ò tíì dárí jì í. Láàárọ̀ ìsìnkú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kó tún un ṣe. Kànmí rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú, ó ní kí làwọn èèyàn yóò wí, àgbà bí èyí, ká sin ín bíi sójà lásán?

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Doyin wí. Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn agbépósí ń dúró de ọmọ olóòkú, ọmọ olóòkú ò dìde. Àrìnkẹ́ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀. Rasheed tẹ̀ lé e, nínú bàtà gidi.

Kànmí gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. “Johnson,” ó wí. “Sójà lásán.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ìjọ gbà á, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Doyin dìde.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí o bá dárúkọ rẹ̀ níbikíbi, má fi nǹkan kan kún un. Pè é ní sójà lásán, kí òun àti Danny lè wà lórí ìlà kan náà.