Ìwé Kọ̀ǹpútà Tí A Fi Di Ẹja

Mo rántí ìgbà tí mò ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn oníkọ̀ǹpútà kan, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìdúmọ̀tà, nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ ọdún ẹgbàá. Èmi tí mi ò mọ A yàtọ̀ sí B, àárín ìwé ni mo ti ń jẹun. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí mò ń pè ní Àǹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tó bí i lọ́mọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi èdè kan tí wọ́n ń pè ní Java ṣòfin fún kọ̀ǹpútà àgbà, kó lè mọ èyí tí yóò dá lóhùn nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ránṣẹ́ sí i láti ìta. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é.

"Màmá, bí ẹnu ọ̀nà ilé yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn á sọ orúkọ rẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tá a jọ mọ̀. Iṣẹ́ tó bá wá jẹ́, dídì la fẹ́ ẹ, kẹ́nikẹ́ni má tú u lójú ọ̀nà."

"Ilé tiwa kọ́ o, Àǹtí! Tiwa, ẹni tó bá ti kí wa dáadáa ti wọlé."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé ìwé tó bá jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí n ya á wẹ́wẹ́ kí n tó dà á nù.

Ìwé ọ̀hún gùn, ó funfun, ihò wẹ́wẹ́ tò sí i létí méjèèjì. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àbúrò mi ń dín ẹja níwájú agboolé wa, ìwé ló sì fi ń di í fún oníbàárà. Ni mo bá ń ká a sínú báàgì lọ fún un. Mo rò pé mo gbọ́n. Kí ni ẹlẹ́ja fẹ́ rí kà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa lọ ra ẹja níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bó ṣe tú u sórí tábìlì, òfin Àǹtí ló wà níbẹ̀, tòun ti ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọlé, epo ti rin ín gbindin. Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ.

"Àṣírí àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa lẹ fi ń di panla! Ta ló gbé e jáde?"

Àǹtí wò mí. Mo wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi. Opó ni mí, iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo gbójú lé.

Àǹtí ló dáhùn: "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ̀bi mi ni."

"Kò sẹ́lòmíì?"

"Kò sí, sà."

Wọ́n ní kó máa lọ. Mo gbá abẹ́ tábìlì rẹ̀ nígbà tó lọ tán. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́; èmi àgbà ni mo wọ́ ọ.

Ó tó ọdún kan kí n tó tún rí i, ní Balógun, níbi tó ti ń ta bàtà. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ṣé wọn ò yọ yín lẹ́nu lẹ́yìn mi?"

Èébú ni mo ti múra sílẹ̀ dè. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbé. Mo ní wọn ò yọ mí lẹ́nu, pé mò ń kánjú lọ kírun. Àsìkò ìrun ò sì tíì tó.

Mi ò rí i mọ́. Láti ìgbà náà, mi ò mọye ìgbà tí mo ti tọrọ àforíjì lórí ẹní ìkírun mi. Ṣùgbọ́n àwọn ààfáà wa máa ń sọ ọ́ pé ohun téèyàn bá ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀, ọwọ́ ẹni tá a ṣẹ̀ ni ìdáríjì rẹ̀ wà. Ẹni yẹn wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ náà, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.