Ògbufọ̀ Tí Mo Lé sí Fàráńdà

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí ní ọdún 1999. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ́ bí a ti ń fi Java, èdè kan tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kọ ètò, ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní ìṣirò nígbà tó wà ní kékeré ló sì ń kọ́ mi. Bí mo bá ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, á ní, "Tíṣà, ẹ rọra, ẹnikẹ́ni ò lé yín." Ọ̀rọ̀ tí èmi náà máa ń sọ fún un ní kíláàsì nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Wharf Road ní kí ọmọ náà ṣe ètò tí yóò máa sọ ibi tí kọ̀ntéénà kọ̀ọ̀kan wà. Àkọsílẹ̀ wọn ti wà nínú dátábéèsì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Ohun tó kù ni kí ètò rẹ̀ lè bi dátábéèsì náà ní ìbéèrè, kó sì gba èsì. Ọ̀gá ibẹ̀ ní bó bá ṣiṣẹ́ lójú òun ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, òun yóò gbà á síṣẹ́ pátápátá. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kó máa lọ sílé. Ọmọ náà bẹ̀ mí kí n tẹ̀ lé òun, kí n máa ka nọ́ńbà kọ̀ntéénà fún òun.

Ètò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Ajégúnlẹ̀ kọ̀ ní Wharf Road. Java àti dátábéèsì kò gbọ́ èdè ara wọn; fáìlì kan ló ń dúró láàrin wọn. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí dírẹ́bà tó yẹ. Ọmọ náà fi fáìlì náà hàn mí, ó wà níbẹ̀, òun ló fi dísíkì gbé e wá ní àárọ̀. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún máàkì ìwé ní àdírẹ́sì dátábéèsì ni kò kọ dáadáa. Mo ní kó kà á sókè ní lẹ́tà-lẹ́tà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sí àṣìṣe. Aago mẹ́ta kọjá. Akọ̀wé kan tó jókòó nítòsí béèrè bóyá bàbá ló ń ṣe ìdánwò ni àbí ọmọ.

Ọmọ náà ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó yíjú sí mi.

"Tíṣà, ẹ rántí ọjọ́ tí ìyá mi wá rí yín nílé ìwé?"

Mo rántí. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé wọn ní Bendel dé, èdè Urhobo nìkan ló sì gbọ́. Ọmọ náà bá a wá láti túmọ̀. Èmi ní ọmọdé kì í jókòó ti ọ̀rọ̀ àgbà, mo lé e jáde sí fàráńdà. Èmi àti ìyá wá jókòó, à ń wo ara wa, à ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí mo fi dìde lọ pè é wọlé.

"Mo wà nítòsí lọ́jọ́ náà sà, ẹ ò kàn pè mí ni. Fáìlì yìí náà wà nínú kọ̀ǹpútà. A ò tíì pè é wọlé."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní Ajégúnlẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti kọ ibi tí fáìlì náà wà sínú àwọn ibi tí Java máa ń wò. Kò sí ẹni tó sọ fún kọ̀ǹpútà ti Wharf Road. Ó fi ìlà kan ṣoṣo tó sọ ibi tí fáìlì náà wà kún un. Mo ka nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́, èsì sì jáde: kọ̀ntéénà náà wà ní Warehouse Road.

Nígbà tí ọ̀gá dé, nọ́ńbà tirẹ̀ tó wà nínú àpò rẹ̀ ló mú jáde. Ìyẹn náà rí èsì. Ó béèrè bóyá ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

A jọ lọ sílé sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ti gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ayọ̀ mú un padà sí èdè rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Mo yíjú sí ọmọ rẹ̀, mo dúró kó túmọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Kí ẹ tó fa ìlà pupa sí iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ wo fàráńdà bóyá ẹnì kan ṣì ń dúró kí ẹ pe òun wọlé.