Ọjọ́ tí Sàídátù Lọ Béèrè Iṣẹ́ Bàálù

Láyé ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, fi ojú aráàlú rí èèmọ̀, ilé iṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà ni Sàídátù, ọmọ Síkírù káfíńtà, ti ń ṣiṣẹ́ òru. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ń dúró tì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá padà délé wọn l'Ágége, etí rẹ̀ á ṣì máa hó, òwú á kún irun rẹ̀. Kó tó ní kóun fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á ti tan ẹ̀rọ ata iwájú ilé.

Gbogbo ìgbà ni bàálù ń kọjá lórí ilé iṣẹ́ náà. Sàídátù mọ ìṣirò gan-an nílé ìwé girama, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé òun náà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀, Síkírù kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní, "Mo kan ibùsùn fún páílọ́ọ̀tì kan ní Ọmọ́lé. Jẹ́ ká lọ bá a. Ẹni tó ń ṣe é ni kó sọ fún ọ bó ṣe rí."

Láàárọ̀ Sátidé, bí Sàídátù ṣe jáde níbi iṣẹ́ ni wọ́n forí lé ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, páílọ́ọ̀tì náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Kò tíì bọ́ bàtà. Ojúọlápé ìyàwó rẹ̀ fún wọn ní àga.

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ibùsùn yẹn dára o. Ìyàwó mi nìkan ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀."

Síkírù rẹ́rìn-ín. Ojúọlápé kò rẹ́rìn-ín.

Olúgbénró wá kọjú sí Sàídátù. "Ẹ̀kọ́ ẹ̀ le, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Kánò lónìí, Sókótó lọ́la. Bí ọyẹ́ bá bo ojú pápá, a ó jókòó kalẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ mi lórúkọ, òkè ni mo wà."

"Ṣé kò sí ohun tó dùn níbẹ̀ rárá ni, sà?"

"Ó wà. Tí bàálù bá yọ lórí ìkùukùu láàárọ̀, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, á wá dà bíi pé..."

Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. Oorun ti gbé e lọ.

Ojúọlápé ní, "Ẹ má bínú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó rẹjú díẹ̀."

Wọ́n ń dúró. Nígbà tí Síkírù fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká, itọ́ Sàídátù ti rin apá àga. Òun náà ti sùn lọ. Olúgbénró ti jí, ó ń wò ó.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Iṣẹ́ òru ni, sà, nílé iṣẹ́ aṣọ."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ pé o fẹ́ràn ẹ̀ ni, padà wá, màá bá ọ sọ̀rọ̀ níbi tó yẹ. Àmọ́ bó bá jẹ́ àárẹ̀ lò ń sá fún, má wulẹ̀ wá sọ́dọ̀ tiwa."

Lójú ọ̀nà, Sàídátù sọ pé òun ò ní ṣe é mọ́. Síkírù ń rìn lọ níwájú láìbojú wẹ̀yìn títí wọ́n fi dé Ògbà.

"Bàbá, ṣé inú ń bí yín ni?"

"Rárá o. Mo ti sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí pé o fẹ́ máa wa bàálù ni."

Nígbà tó yá, Sàídátù wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì di tíṣà ìṣirò l'Ágége. Àwọn ọmọ pọ̀ ní kíláàsì rẹ̀ ju àga lọ, ìjọba ológun kì í sì í tètè san owó oṣù. Bó bá dìrọ̀lẹ́, á ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Á jẹun, á kírun, á sì sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́.