Àǹtí Mi àti Ọmọbìnrin Inú Ìwé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́dún tí mo rò pé mo ti di aláàánú èèyàn. Ìtìjú ni, àmọ́ màá sọ ọ́ bó ṣe rí!

Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà nígbà yẹn, mo sì ń lọ sílé ìwé girama ní Ìjerò. Tíṣà lítíréṣọ̀ wa ní ká ka ìwé ìtàn kan nípa ọmọbìnrin tí wárápá ń ṣe. Gbogbo ìlú ń sá fún un, títí ó fi kú. Mo sunkún débi pé ojú mi wú! Tíṣà yìn mí níwájú kíláàsì pé mo lójú àánú.

Ẹ wá wò ó o. Wárápá kan náà ló ń ṣe Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò bàbá mi, tí a jọ ń gbé nílé wa ní Ìpotì.

Nígbà tí a gba họ́lídé, mo gbé àánú rẹpẹtẹ délé. Mi ò jẹ́ kí àǹtí pọnmi mọ́. Mi ò jẹ́ kó gbálẹ̀. Pẹ̀lẹ́ láàárọ̀, pẹ̀lẹ́ lọ́sàn-án, bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún. Bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gún iyán bíi tirẹ̀ ládùúgbò wa?

Lọ́jọ́ Sunday kan, iṣu ṣì wà lórí iná, àǹtí ń fọ odó. Mo já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ rẹ̀! Mo ní kó lọ jókòó, pé ara rẹ̀ ò le.

Ó ní kí n mú ìwé tí mo ń kà ṣáá yẹn wá, kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tó máa ń pa mí lẹ́kún, omi tún bọ́ lójú mi. Àǹtí ò sunkún. Ó bi mí pé, "Iṣẹ́ kí ni ọmọ yẹn ń ṣe?"

Mo ṣí ìwé síwá, mo ṣí i sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀.

"Kò mọ oúnjẹ sè? Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí? Ṣé kó ṣáà máa ṣubú ni wọ́n bí i fún?"

Ó wá ní ẹkún tí mo sun kò burú, àmọ́ abọ́ ọ̀tọ̀ la fi ń fún òun lóúnjẹ, torí wọ́n ní itọ́ òun lè ran èèyàn.

"Nínú ulé yìí, ìwọ tó ń ṣàánú mi, ọjọ́ wo lo bá mi jẹun rí?"

Háà! Mi ò bá a jẹun rí. Àní èmi fúnra mi ni mo máa ń fọ abọ́ náà, tí mo ń dojú rẹ̀ dé lọ́tọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì dá ọmọ odó padà.

"Dìde, gbé uṣu wá," ló wí. "Ó ti jinná."

Ó gún un, ó kúnná. Mo fọwọ́, mo jókòó síwájú abọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Ṣebí ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà nìyẹn? Mo bu òkèlè, mo gbé e mì. Ìgbà yẹn lomi wá bọ́ lójú àǹtí mi. Ó ti ẹran sọ́dọ̀ mi.

Wárápá kì í ràn, mo padà mọ̀. Ìwé yẹn ṣe mí lóore, ó là mí lójú. Àmọ́ àánú tí kò bá ní ọ̀wọ̀ nínú, ó ń dun aláìsàn gan-an ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìtàn wo ló ti pa yín lẹ́kún rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ta ló wà nílé yín tẹ́ ò tíì bá jẹun?