Igun Tokuji

Ní abúlé òkè kan ní Kumamoto, ní gbogbo Sátidé, àwọn obìnrin máa ń fọ adágún ìsun omi gbígbóná tí gbogbo ilé jọ ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Fusae, ìyá àgbà kan, a fọ̀ ọ́ mọ́ féfé, àfi igun tí Tokuji ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí kó tó kú. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá ti bo òkúta ibẹ̀.

"Ìyá yìí ń fi ìdọ̀tí ṣọ̀fọ̀ ọkọ!" làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wí.

"Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́!"

Ìgbà tó yá, ilẹ̀ mì tìtì. Omi ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ohun aláwọ̀ ewé náà kú, fọ́nrán funfun bí òwú sì hù rọ́pò rẹ̀.

Nagisa, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wá bu omi náà lọ yẹ̀ wò, ṣàlàyé fún Fusae. "Mọ́mì, ẹ̀dá abẹ̀mí tíntìntín ni àwọn méjèèjì. Omi ti gba ọ̀nà mìíràn nínú ilẹ̀, òun ló gbé àwọn funfun yìí gòkè."

"Ṣé àwọn ti tẹ́lẹ̀ máa padà?"

"Bóyá, tómi bá padà sọ́nà rẹ̀."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Fusae mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ ní igun tí kò fọ̀ rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha fọ́nrán funfun náà.

"Ẹ dìde ńbẹ̀," ó sọ fún àwọn fọ́nrán náà. "Onílé ń bọ̀."

Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń fọ adágún náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.